Káfíńtà Ọlọ́jọ́ Mọ́kàndínlógún

Mo jí òkú ọmọ jòjòló kan gbé. Kì í ṣe inú sàréè ni mo ti jí i, inú ìwé ni. Mo mú orúkọ rẹ̀, mo fi ọdún lé ọdún fún un, mo fún un níṣẹ́, mo fẹ́yàwó fún un, mo sì sọ ọ́ di baba ńlá àwọn tí kò mọ̀ rí. Kò sí ẹni tó fipá mú mi. Ara mi yá, orí mi pé, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì wà lórí tábìlì nígbà tí mo ń ṣe é. Mo kọ èyí ṣáájú ohun gbogbo, kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé ìtàn yìí ń wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi. A ti rí i. Èmi ni.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ènìyàn wá àwọn tó bí wọn. Ilé ìwé-àkọsílẹ̀ ni mo ti ń ṣe é, nínú yàrá ìkàwé kan tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé, tó ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Tábìlì gígùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àti àwọn tìmùtìmù kéékèèké tí a ń gbé ìwé àtijọ́ lé kí ẹ̀yìn wọn má baà ya, àti kọ̀ǹpútà kan ní igun. Òfin ibẹ̀ kò pọ̀. Má fi ọwọ́ tútù kan ìwé. Ohun tí o bá rò, pẹ́ńsù ni kí o fi kọ ọ́. Ohun tí o bá fojú rí nìkan ni kí o fi báírò kọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Olófòófó Òkú, nítorí wọ́n ní kò sí àṣírí tí òkú lè bò mọ́ mi lọ́wọ́. Láàárọ̀, bí mo bá ti yọ, aṣọ́nà á ní, "Olófòófó Òkú, ta lẹ fẹ́ tú láṣìírí lónìí?" Màá ní bàbá rẹ̀ ni. Á rẹ́rìn-ín, á ṣílẹ̀kùn.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀wé kà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́ mi, lórí tábìlì ìdáná rẹ̀. Á ti ìka bọ omi, á fi ya lẹ́tà sórí tábìlì, á ní kí n kà á kó tó gbẹ. Ó sọ mí ní Apẹ́kàwé, orúkọ yẹ̀yẹ́ tó di orúkọ ìfẹ́. Mi ò bímọ, àwọn òbí wa sì ti lọ tipẹ́. Òun nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó mọ̀ mí kí n tó di ẹnikẹ́ni. Nítorí pé ìwé pẹ́ kó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo gbà pé ohun mímọ́ ni, ojú ọ̀daràn ni mo sì fi ń wo ẹni tó bá fi kọ irọ́. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn bí ẹ ti ń kà lọ.

Télọ̀ kan ló wá bá mi. Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, okùn ìwọnṣọ kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ojú ìyá náà sì ti fọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá ń béèrè ni orúkọ bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Wọ́n kàn máa ń sọ fún un láti kékeré pé ọkùnrin náà bímọ kan lágbègbè yìí, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Télọ̀ ti fi itọ́ ara rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò DNA. Wọ́n fi orúkọ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tiwọn mu ránṣẹ́ padà, ṣùgbọ́n ìbátan tó jìnnà ni gbogbo wọn, irú èyí tí ẹ̀jẹ̀ wọn kàn kan ara bí etí aṣọ méjì tó ń fẹ́ lórí okùn. Mo kọ lẹ́tà sí wọn. Kò sẹ́ni tó fèsì. Mo tú ìwé ìbí, mo tú ìwé ìgbéyàwó, mo tú ìwé àwọn tó wọkọ̀ ojú omi. Oṣù méje kọjá, ọwọ́ mi ṣófo.

Télọ̀ wá lọ́jọ́ kan, kò tiẹ̀ jókòó. "Màdáámù," ó ní, "màmá mi ò lè dúró títí. Tí kò bá sí, ẹ sọ pé kò sí. Á dùn wá, ṣùgbọ́n a máa gbà."

Ẹ wo bí ọ̀nà àbáyọ ṣe ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi, tí mi ò gbà á. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń ṣiṣẹ́ náà láì dá fáìlì ẹnikẹ́ni padà lófìfo. Ọ̀gá mi máa ń fi èyí yangàn lójú àwọn àlejò. Mo sọ fún télọ̀ pé kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni mo rí ọmọkùnrin kan nínú ìwé ìbí. Ọdún bá a mu, àdúgbò bá a mu. Inú mi dùn títí mo fi ṣí ìwé òkú ọdún kan náà. Ó wà níbẹ̀, ní ìlà kẹrìnlá láti òkè: ọmọkùnrin, ọjọ́ mọ́kàndínlógún, ibà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, ìka tútù kan ti ra tádàwà náà, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ nawọ́ kàn án kí akọ̀wé tó kọ ọ́ tán. Mo wò ó fún ìgbà díẹ̀. Mo pa ìwé òkú dé.

Báírò ni mo mú. Mo kọ ọ́ pé ó dàgbà, pé káfíńtà ni, pé ó gbé obìnrin kan níyàwó, pé ó bí ọmọkùnrin kan, èyí tó wá bí màmá télọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí a ti ń kọ ọjọ́ ikú, ọwọ́ mi kọ̀. Mo mọ ọjọ́ tó kú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Mo wá tan ara mi pé bí mi ò bá kọ ọjọ́ mìíràn síbẹ̀, irọ́ náà á kéré díẹ̀. Mo fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà.

Kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ wa tí kò mọ èyí, èmi náà sì mọ̀ ọ́n: ẹni tí a kò bá kọ ọjọ́ ikú fún, alààyè ni kọ̀ǹpútà ń kà á sí.

Mo mú ìwé ìran náà lọ sílé télọ̀ fúnra mi. Wọ́n ka orúkọ náà sí ìyá létí. Ìyá gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dúró lórí ibi tí mo kọ orúkọ ọmọ náà sí.

"Ẹni yìí kéré," ó ní.

Télọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màámi, baba bàbá yín mà ni."

"Mo gbọ́. Ó kéré ni mo wí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti wo nǹkan mìíràn. Nígbà tí iṣẹ́ itọ́ yìí bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa ní ọ́fíìsì ló fi tiwa sílẹ̀ kí a lè mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, mo sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ẹbí díẹ̀ ṣe é pẹ̀lú. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń wà lókè pátápátá lójú ewé mi. Lọ́jọ́ náà, orúkọ kan ti gun orí tirẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, kọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé: òbí tàbí ọmọ. Orúkọ tí mo jí ni. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, nítorí mo ti lò ó jù.

Mo rò pé ẹlẹgbẹ́ mi kan ló ń bá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo tẹ ibi tí a ń tẹ̀ láti pa orúkọ rẹ́. Kọ̀ǹpútà dáhùn pé alààyè ni ẹni náà, pé òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Mo ní ó dáa, jẹ́ kí n kọ ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó ní kí n mú ẹ̀rí wá. Mo gbé ìwé òkú sórí tìmùtìmù, mo ṣí i. Ìlà kẹtàlá wà níbẹ̀. Ìlà kẹẹ̀ẹ́dógún wà níbẹ̀. Láàárín wọn, funfun báláú. Àmì ìka tútù nìkan ló kù.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ọkùnrin arúgbó kan jókòó sí tábìlì tó kángun sí ilẹ̀kùn. Mi ò gbọ́ kí ilẹ̀kùn dún. Aṣọ́nà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ò rí ẹnì kankan kó kọjá. Aṣọ ara ọkùnrin náà tóbi jù ú lọ. Hámà kan wà níwájú rẹ̀, tuntun ni, bébà ọjà ṣì wà lára ọwọ́ rẹ̀. Bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì: ó pọ́n, ó rọ̀, kò sí ojú kan tó yi níbẹ̀, bí àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò kan ilẹ̀ rí. Òórùn wàrà tó fẹ́ kan gba gbogbo yàrá náà.

"Ẹ kú iṣẹ́, màámi," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri lọ.

Mo sọ fún un pé ó tó bí mi lọ́mọ, kó má pè mí bẹ́ẹ̀.

"Ta ni kí n wá máa pè bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bí mi sunkún mi tán, ó lọ. Ẹ̀yin lẹ tún mi bí." Ó ti hámà náà síwájú mi díẹ̀. "Ẹ ní káfíńtà ni mí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú."

Ó ṣí fìlà rẹ̀. Irun orí rẹ̀ funfun, ó sì fọ́nká. Láàárín orí, níbi tó ti yẹ kí egungun ti pa dé láti ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwùjẹ̀ rẹ̀ ń mí. Ó ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀, bíi ti ọmọ tuntun.

"Màámi," ó ní, "ìgbà wo ni mo máa sùn?"

Mo dìde. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló sì jókòó sí. Mi ò lè kọjá lára rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ títí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ti ibi oúnjẹ ọ̀sán dé, tí wọ́n bá mi nìkan níbẹ̀, wọ́n ní kí ló dé tí mi ò tíì lọ jẹun.

Láti ọjọ́ náà, ó ń wá. Kò hùwà ibi sí mi rí. Ó kàn máa ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni, yàrá yòówù kí n wà, á sì béèrè ìbéèrè kan náà. Ní ọ́fíìsì, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Nínú báńkì, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo wọ balùwẹ̀ ilé mi, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Òórùn wàrà gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí á ní kí ló ṣe tí mi ò sá lọ. Ibo ni mo fẹ́ gbà jáde?

Nǹkan mìíràn wá bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àbúrò bàbá wa, tó wà ní ipò kẹta lójú ewé mi lórí kọ̀ǹpútà, kò sí níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan. Lọ́jọ́rú, mo pàdé rẹ̀ lójú títì. Mo kí i, ó kí mi padà bí a ṣe ń kí ẹni tí a kò mọ̀, ó sì kọjá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ náà kúrò lójú ewé. Mo pè é lórí fóònù, ó ní nọ́ńbà tí mo pè kì í ṣe èyí tí mò ń wá. Wọ́n ń jábọ́ bí ewé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni méjì péré ló kù: ẹ̀gbọ́n mi, àti ẹni tó wà lórí rẹ̀.

Mo padà sídìí ìwé òkú. Ìlà kẹrìnlá kò funfun mọ́. Tádàwà ti ń yọ níbẹ̀, ó rí pupa rúsúrúsú bí ti àtijọ́, ọwọ́ akọ̀wé kan náà: ọmọbìnrin, ọjọ́ mọ́kàndínlógún, ibà. Ibi orúkọ kò tíì kún. Lẹ́tà kan péré ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi ni.

Ó wá yé mi. Ikú ti ṣẹlẹ̀ ní ìlà náà, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó má ṣẹlẹ̀ mọ́. Bí mo bá yọ òkú kan kúrò níbẹ̀, àfi kí wọ́n fi òkú mìíràn dí i.

Mo sáré lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń nu tábìlì ìdáná. Ó ní kí n jókòó, ó fún mi ní tíì, ó sì pè mí ní ìyáàfin. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni." Ó wo ojú mi dáadáa, pẹ̀lú àánú, bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó ṣìnà.

"Ẹ máà bínú, mi ò ní àbúrò," ó ní. "Mo ní ọ̀kan rí. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré ló lò. Màmá wa ò fẹ́ ká máa dárúkọ rẹ̀."

Omi tó fi nu tábìlì ti ń gbẹ. Mo wò ó títí ó fi gbẹ tán.

Káfíńtà ń dúró dè mí lẹ́bàá ilẹ̀kùn ìta ilé ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi yóò béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí ló fẹ́ kí n ṣe.

"Ẹnu wọn ni mo há sí," ó ní. "Àwọn ọmọ télọ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè mí ní bàbá, mo tún gbọ́dọ̀ dìde. Báírò yín ò lè yọ mí níbẹ̀ mọ́. Ẹnu yín nìkan ló kù."

Bẹ́ẹ̀ ni télọ̀ ti fi ìwé pè mí tẹ́lẹ̀. Gbogbo ẹbí rẹ̀ fẹ́ pé jọ sí gbọ̀ngàn kan lọ́sàn-án Sátidé láti ṣí àtẹ ìran wọn, èyí tó rán fúnra rẹ̀ sára aṣọ ńlá kan, pẹ̀lú orúkọ tí mo jí lókè téńté. Èmi ni àlejò pàtàkì wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sìn mí débì kan. Ó ní, "Mi ò mọ̀ yín, ṣùgbọ́n ojú yín jọ ojú ẹni tí kò yẹ kó dá rìn. Ẹ jẹ́ n mú bàtà mi."

Gbọ̀ngàn náà kún. Ìyá afọ́jú jókòó sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níwájú. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn tí kò mọ̀. Ìjókòó kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, nígbà tí télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí. Nígbà tó fi máa yìn mí tán, ìjókòó náà kò ṣófo mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Télọ̀ na gbohùngbohùn sí mi. Ohun tí mo sọ nìyí, mi ò fi nǹkan kan kún un, mi ò sì yọ nǹkan kan kúrò:

"Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi mọ́. Ẹni tó wà lókè aṣọ yìí kì í ṣe bàbá yín. Mo purọ́ fún yín. Mo wá bàbá yín, mi ò rí i, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́. Ọmọ ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo mú, mo fi dí àyè tó yẹ kó ṣófo. Télọ̀, ẹ ti sọ fún mi pé tí kò bá sí, kí n sọ pé kò sí. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ nígbà náà ni mò ń sọ báyìí: kò sí, mi ò rí i. Ẹ dárí jì mí. Màmá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ pa ìwé náà tí ẹ ní ó kéré. Òótọ́ lẹ sọ, mo sì dákẹ́, mo jẹ́ kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ dárí jì mí. Mo bẹ̀ yín, gbogbo ẹbí, kí ẹ má pè é ní bàbá mọ́ láti òní lọ. Ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo. Òfìfo ni ẹ̀tọ́ yín.

"Ìyá tó fi ìka tútù kan orúkọ ọmọ rẹ̀, mi ò mọ ibi tí ẹ wà. Mo gba òkú yín lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ ti sunkún rẹ̀ tán. Mo dá a padà.

"Ìwọ tí o jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí o ti ṣí fìlà. O kì í ṣe káfíńtà. O kò fẹ́yàwó, o kò bímọ. Èmi kọ́ ni mo bí ọ. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lo lò, ibà ló mú ọ, ẹnìkan sì fẹ́ràn rẹ. Ìyẹn nìkan ni gbogbo ìtàn rẹ, ó sì pé. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Sùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fi omi kọ́ mi níwèé, mo sì fi ìwé náà purọ́. Mo tọrọ àforíjì níwájú gbogbo àwọn wọ̀nyí. Bí ẹ bá ṣì mọ̀ mí, ẹ pè mí ní orúkọ yẹ̀yẹ́ tí ẹ sọ mí. Bí ẹ kò bá sì mọ̀ mí mọ́, ẹ dárí jì mí bí ẹ ṣe máa dárí ji àlejò."